Ooru Ló Pa Wọ́n, Kì í Ṣe Òtútù: Ìrírí Mi Nípa Fífi Ẹ̀rọ Pa Ẹyin Adìyẹ Nílé

Ẹyin 30 ni mo kó sínú ẹ̀rọ ìsàba nígbà àkọ́kọ́, mẹ́rin péré ló pa, méjì nínú mẹ́rin náà kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé tí wọ́n fi kú. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021 ni, ní ilé wa ní Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo. Mo ń kọ ìrírí yìí sílẹ̀ nítorí pé ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ oṣù àti ẹyin tó lé ní 50 kí n tó mọ ohun tó ń pa àwọn ọmọ adìyẹ náà, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Òtútù ni mo rò pé ó pa wọ́n. Ooru ni.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, adìyẹ ìbílẹ̀ tí mo ń sìn lẹ́yìn ilé kò sì ju àgbébọ̀ mẹ́fà àti àkùkọ kan lọ. Àgbébọ̀ kan kì í sábà lè bo ẹyin tó pọ̀ ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ dáadáa, tó bá sì ti pamọ tán, yóò máa kó wọn kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìyé ẹyin mìíràn, nígbà tí àṣá yóò máa gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Mo rò ó pé bí ẹ̀rọ bá lè bá wọn sàba, àwọn ìyá adìyẹ yóò máa yé lọ, èmi yóò sì máa tọ́jú àwọn ọmọ nínú ilé títí wọn yóò fi gbó díẹ̀. Mo ní kí káfíńtà kan bá mi kan àpótí pákó, mo fi fóòmù funfun líle tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn tẹ́ inú rẹ̀ yíká, mo so gílóòbù 60 watt méjì mọ́ òkè rẹ̀, mo sì ra thermostat kékeré kan tí ń pa gílóòbù nígbà tí ooru bá tó, tí ń tàn án padà nígbà tí ooru bá wálẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà nínú ni mo wá kiri kí n tó rí, nítorí pé àwọn tuntun tí kì í jẹ iná kì í mú ooru tó nǹkan wá. Ẹyin tí mo kó sí i, láti ìtẹ́ adìyẹ mi ni. Ẹyin inú kírétì tí à ń rà ní ọjà Ìgbọ̀nà kò ṣeé lò fún irú iṣẹ́ yìí, torí pé àwọn adìyẹ àgíríìkì tó ń yé e kì í sábà wà pẹ̀lú àkùkọ.

Ohun tí mo ti kà ni pé ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ fi ń pa, àti pé dígírì 37.5 Celsius ló yẹ kí ooru wà. Mo fi thermostat náà sí 37.5, ojú rẹ̀ sì ń kọ 37.5 lójoojúmọ́, ọkàn mi wá balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú ni iná ìjọba, tí í máa lọ fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún, kí n tó retí ohunkóhun, mo gbọ́ igbe nínú àpótí. Inú mi dùn, àmọ́ ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò dùn ún wò. Ọmọ adìyẹ àkọ́kọ́ kéré, ó gbẹ, ìyẹ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ìdodo rẹ̀ kò tíì dí: ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó pupa, okùn kan bí òwú sì ń fà lára rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e kò lè kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jọ sábẹ́ ara. Nígbà tí ọjọ́ 23 pé, mo fọ́ àwọn tó kù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti di ọmọ adìyẹ pátápátá, wọ́n níyẹ̀ẹ́, wọ́n ní àgógó, wọ́n sì ti kú sínú èèpo.

Mo sọ fún ara mi pé òtútù àkókò tí kò sí iná ló fa èyí, mo wá gbé thermostat sókè sí 38.5 fún ẹyin 26 tí mo kó sí i lẹ́yìn náà, pẹ̀lú èrò pé ooru tó lé díẹ̀ yóò dí àlàfo tí iná ń dá sílẹ̀. Ní òru ọjọ́ karùn-ún, iná lọ, mo gbé àtùpà onígíláàsì tó ń jẹ kẹrosíìnì sínú àpótí, mo pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, mo sì lọ sùn. Nígbà tí mo jí, ojú ẹ̀rọ ń kọ 41, gbogbo inú àpótí sì ń rùn fún èéfín. Ní ọjọ́ keje mo wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, mo fi tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin kọ̀ọ̀kan láti wo inú rẹ̀. Ó yẹ kí n rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn ká bí gbòǹgbò, pẹ̀lú àmì dúdú kékeré kan láàárín tí ń mì. Dípò ìyẹn, òrùka pupa tín-ín-rín kan ni mo rí tó lẹ̀ mọ́ ara èèpo láti inú, àárín rẹ̀ sì ṣófo. Òrùka ẹ̀jẹ̀ yẹn ni àmì ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kí ó tó kú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì fà sẹ́yìn sí etí. Ẹyin kan tẹ̀ lé èkejì, òrùka kan tẹ̀ lé èkejì. Mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo sì jókòó nínú òkùnkùn náà fún ìgbà díẹ̀.

Màmá mi ló là mí lójú. Wọ́n wá kí wa láti Ìrágbìjí, wọ́n rí mi níbi tí mo ti ń sin ẹyin sí ẹ̀yìn ilé, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé òtútù ni ó ń pa wọ́n.

Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ pé òtútù ni? Àgbébọ̀ mi a máa dìde lórí ẹyin rẹ̀ láràárọ̀, á lọ jẹ, á lọ mu, á fi eruku wẹ̀ kó tó padà. Bí mo bá fọwọ́ ba ẹyin náà lásìkò yẹn, á ti tutù. Síbẹ̀, ó ń pamọ. Àmọ́ lọ́dún tí àbúrò rẹ gbé agbọ̀n ìsàba sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ǹjẹ́ a rí ẹyọ kan níbẹ̀?”

Mo ní, “Mo rántí, Màmá. A kò rí ìkankan.”

“Nígbà náà, lọ wo iná tí o dá sínú àpótí yẹn dáadáa.”

Mo ra tẹ̀mómítà tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná ọmọ ní ilé ìtajà oògùn, nítorí pé ìyẹn péye láàárín dígírì 35 sí 42, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹyin wà gan-an. Mo bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, mo ki tẹ̀mómítà náà àti ẹnu wáyà thermostat tó ń wọn ooru bọ̀ ọ́ pọ̀, mo sì ń rò wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Thermostat kọ 37.5, tẹ̀mómítà ara kọ 39.1. Kí n lè dá ara mi lójú, mo ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi tútù, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo da omi díẹ̀ lé e, mo rò ó títí ó fi rọ̀ pọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè ju òdo lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rẹlẹ̀ sí i. Thermostat mi kọ ohun tó fi dígírì kan ààbọ̀ rẹlẹ̀ sí òdo. Ẹ̀rọ tí mo gbára lé fún oṣù méjì ń fi ohun tó lé ní dígírì kan ààbọ̀ tàn mí. Nígbà tí mo rò pé mo wà ní 37.5, mo ti kọjá 39. Nígbà tí mo gbé e sókè sí 38.5, mo ti kọjá 40. Nígbà tí àtùpà sì mú kó kọ 41, ohun tó wà nínú àpótí lóòótọ́ súnmọ́ 43.

Ẹyin kì í fara da ooru tó pọ̀ jù bó ṣe ń fara da òtútù. Bí ooru bá rẹlẹ̀, ọmọ inú ẹyin á rọra máa dàgbà, á pẹ́ kó tó jáde, ó lè jáde pẹ̀lú ikùn tó rọ̀ tó sì wú, àmọ́ ó sábà máa ń jáde. Bí ooru bá ga, á yára dàgbà ju bó ti yẹ lọ, kò ní ráyè fa pupa ẹyin tó kù wọ inú ara rẹ̀ tán, ìdí nìyí tí ìdodo kò fi ń dí, tí ọmọ fi ń kéré, tí ẹsẹ̀ fi ń ṣe bákan. Bí ó bá wá ga púpọ̀ fún wákàtí díẹ̀ péré, ó parí. Gbogbo àmì tí mo rí lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ yẹn, àmì ooru ni, mo kàn ń fi ìbẹ̀rù òtútù kà á ni.

Ìṣòro mìíràn tún wà nínú àpótí náà. Kò ní fáànù, bẹ́ẹ̀ ooru a máa gòkè ni. Nígbà tí mo gbé tẹ̀mómítà káàkiri, mo rí i pé ọ̀gangan abẹ́ gílóòbù fi ju dígírì méjì gbóná ju igun àpótí lọ. Mo wá rántí pé igun kan náà ni àwọn mẹ́rin tó pa nínú ẹyin àkọ́kọ́ ti jáde wá, mo sì ti rò tẹ́lẹ̀ pé ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ẹ̀rọ tí kò ní fáànù, dígírì 38.3 sí 38.9 ni wọ́n ń lò, ibi orí ẹyin gan-an ni a sì gbọ́dọ̀ ti wọ̀n ọ́n, nítorí pé ìsàlẹ̀ ẹyin á tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, 37.5 tí mo ti kà, ti ẹ̀rọ tó ní fáànù ni. Mo yọ fáànù kékeré láti ara kọ̀ǹpútà kan tó ti bàjẹ́, atúnrédíòṣe kan ní Old Garage bá mi so ó mọ́ ṣájà àtijọ́, mo sì fi páànù kan bo iwájú gílóòbù kí ooru rẹ̀ má bàa máa tọ ẹyin lára tààrà. Láti ọjọ́ náà, ìyàtọ̀ láàárín igun kan àti èkejì kò tó ìdajì dígírì mọ́. Bí owó ẹnì kan kò bá lè ra ju nǹkan kan lọ, fáànù ni n ó ní kó rà.

Thermostat fúnra rẹ̀ tún ní àlàfo tó máa ń fi sílẹ̀ kó tó tan gílóòbù padà. Dígírì méjì ni ti tèmi wà láti ilé iṣẹ́, mo sì dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta dígírì. Mo tún kọ́ ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: mo bu omi sínú náílọ́ọ̀nù kékeré irú èyí tí wọ́n fi ń di iyọ̀, mo dì í kó tó ìwọ̀n ẹyin kan, mo sì gbé e sáàárín ẹyin pẹ̀lú tẹ̀mómítà kejì tí mo ki ẹnu rẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣí ìlẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ inú àpótí á já wálẹ̀ sí 33 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú thermostat á sì dẹ́rù bà mí, àmọ́ omi inú náílọ́ọ̀nù kò ní tíì kúrò lójú kan. Omi náà ló ń sọ bí inú ẹyin ṣe rí fún mi. Ẹnu wáyà thermostat ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ní ìpele orí ẹyin. Bí a bá fi í sínú omi, gílóòbù á ti pẹ́ jù lórí iná kí omi tó gbóná, afẹ́fẹ́ á sì ti kọjá ààlà.

Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ wá kù. Mo to ìgò omi oníke mẹ́fà tó kún sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ pẹpẹ ẹyin, kí wọ́n máa gba ooru nígbà tí iná bá wà, kí wọ́n sì máa tú u sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí. Bí iná bá lọ, n kì í ṣí àpótí mọ́. N ó fi kúbùsù bò ó, n ó sì máa wo tẹ̀mómítà inú omi láti ita. Bí ó bá wálẹ̀ dé 32, n ó pààrọ̀ ìgò méjì sí èyí tí mo bu omi gbígbóná sí, omi tí ọwọ́ lè gbà, kì í ṣe èyí tó ń hó. Ohun tí mo ń ṣọ́ra fún ni pé lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá, àwọn ọmọ inú ẹyin ti ń mú ooru tiwọn jáde, wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀. Àpótí tí a bá dì pinpin ní ọjọ́ kẹtàdínlógún lè gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná kankan, nítorí náà ihò atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí lábẹ́ kúbùsù náà. Bí mo bá so gílóòbù méjì, ìdí rẹ̀ ni pé gílóòbù kan lè jó lóru láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹrẹ́nà kì í ṣe oṣù tó dára fún iṣẹ́ yìí nínú yàrá tí kò ní àjà. Ní ọ̀sán, abẹ́ páànù wa máa ń dé 36, kò sì sí thermostat tó lè mú àpótí tutù ju yàrá tó wà lọ. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sí yàrá tó ní àjà, tí oòrùn kì í kan ògiri rẹ̀. Ooru kan náà a máa ba ẹyin jẹ́ kó tó dé inú ẹ̀rọ, nítorí pé bí ẹyin bá wà níbi tó gbóná ju nǹkan bí dígírì 21 lọ, ọmọ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà ní ìdajì ìdajì, á sì rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àmù omi, lórí iyanrìn tútù, ni mo ń tọ́jú ẹyin sí, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ó ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nígbà ooru.

Ìparí oṣù Agẹmọ ni mo kó ẹyin 28 sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń yí wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí ọmọ má bàa lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo, iye ìgbà náà kì í sì í jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni yóò máa wà lókè ní gbogbo òru. Ní ọjọ́ keje, mẹ́rin jẹ́ ọ̀bu, ọ̀kan ní òrùka ẹ̀jẹ̀, 23 ní gbòǹgbò pupa wọn. Ní ọjọ́ kọkànlá iná lọ fún wákàtí mẹ́sàn-án. Omi inú náílọ́ọ̀nù wálẹ̀ dé 30 kí n tó dé láti ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n nígbà tí mo ń bu omi gbígbóná sínú ìgò. Mo rántí àgbébọ̀ Màmá tó ń fi eruku wẹ̀, n kò sì gbé thermostat sókè. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo fi tọ́ọ̀ṣì wo mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mì.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún mo ṣíwọ́ yíyí wọn, mo fi abọ́ omi kún èyí tó wà níbẹ̀ kí ọ̀rinrin lè dé nǹkan bí 65 sí 70 nínú 100, nítorí pé awọ inú èèpo máa ń gbẹ mọ́ ọmọ lára bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ọjọ́ kọkànlélógún pé, kò sí ohùn kankan. Ọkọ mi ní kí n ṣí i wò. Mo ní rárá. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbé etí lé pákó, mo gbọ́ kíkàn: kò, kò, ìdákẹ́jẹ́, kò. Mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, igbe kékeré kan sì dáhùn láti inú ẹyin tó ṣì dí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèpo kan ti là, ihò rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ ńlá lọ, ṣóńṣó àgógó sì ń yọ níbẹ̀. Wákàtí 14 ni ọmọ yẹn fi sinmi lẹ́yìn ihò náà. Nígbà àkọ́kọ́ mo ti fi èékánná ran irú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde láti ara awọ, torí pé kò tíì fa ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin wọlé tán. Lọ́tẹ̀ yìí mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó yí ara rẹ̀ po nínú èèpo, ó gé e yíká bí ìdérí, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní títutù, ìdodo rẹ̀ dí mọ́lẹ̀ dáadáa.

Láàárín ọjọ́ kejìlélógún sí ìkẹtàlélógún, 19 ló pa. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ títí ìyẹ́ wọn fi gbẹ, mo kó wọn sínú páálí tó ní gílóòbù, pẹ̀lú ooru dígírì 35 fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Màmá gbé mẹ́wàá lọ sí Ìrágbìjí, nítorí pé àgbébọ̀ wọn kan ń sàba lórí ẹyin tó ti di ọ̀bu. Wọ́n dúró di alẹ́, wọ́n kó ẹyin náà kúrò lábẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n sì ń ti àwọn ọmọ náà bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n pè mí lórí fóònù pé ó ti kó gbogbo wọn jáde, ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ilé ìdáná.